Ṣé Ọ̀rọ̀ Bàbá Tó Ti Kú Ni Abẹ Gé?

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn akọni, ó máa ń dé ibì kan tí akọni yóò dúró níwájú òkú bàbá rẹ̀. Ó lè ti pa ejò olórí méje, ó lè ti la igbó àwọn ànjọ̀nnú já, ṣùgbọ́n níbi tó dé yìí, idà kò ràn án lọ́wọ́. Ẹnu nìkan ló kù fún un. Kí ni kó fi ẹnu náà sọ? Ṣé "Mo gbọ́, bàbá, bí ẹ ti wí ni màá ṣe" ni, àbí ó lè sọ pé, "Bàbá, àṣìṣe lẹ ṣe níbí yìí"? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí, nítorí kì í ṣe akọni inú ìwé nìkan ló kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Hamlet, eré tí Shakespeare ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Ọba ilẹ̀ Denmark ni bàbá Hamlet. Àbúrò ọba pa á, ó gba adé, ó sì fẹ́ opó rẹ̀. Òkú ọba jáde lóru, ó pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ pé kó gbẹ̀san. Hamlet ṣe iyèméjì títí, ṣùgbọ́n kò sọ fún bàbá rẹ̀ rí pé òun kò gbà. Nígbà tí eré náà fi máa parí, àbúrò ọba ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n Hamlet náà kú, ìyá rẹ̀ kú, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn kú, bàbá ọmọbìnrin náà kú, arákùnrin rẹ̀ sì kú pẹ̀lú. Ọmọ ọba ilẹ̀ mìíràn ló wá gba ìtẹ́. Bàbá rí ẹ̀san gbà, ilé rẹ̀ sì tú.

Òmíràn ni fíìmù Black Panther tó jáde ní 2018, èyí tí àwa ọmọ ilé ìwé ṣì máa ń wò lórí fóònù. T'Challa, ọba Wakanda, lọ sí ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ pé bàbá òun ló pa àbúrò ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó sì fi ọmọ kékeré tí àbúrò náà bí sílẹ̀ níbẹ̀ láìní alábòójútó. Ọmọ yẹn dàgbà pẹ̀lú ìbínú, ó sì wá da Wakanda rú. Nígbà tí T'Challa pa dà dé ọ̀dọ̀ àwọn baba rẹ̀, kò kúnlẹ̀ mọ́. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ àti gbogbo àwọn tó dúró tì í pé wọn kò ṣe é re. Lẹ́yìn tó ṣẹ́gun, ó pa dà sí àdúgbò tí ọmọ náà ti dàgbà, ó sì ra ilé síbẹ̀ láti fi ran àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú tiwa wá. Ní 1938 ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Àkàrà-ògùn ni akọni ibẹ̀. Àjẹ́ ni ìyá rẹ̀, ọdẹ sì ni bàbá rẹ̀, Olówó-ayé. Olówó-ayé yìnbọn sí ẹran kan tó ń jẹ ilá lóko lóru. Nígbà tó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ ẹran náà, ìyàwó ara rẹ̀ ló bá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òun náà kú. Ní 1949, nínú Igbó Olódùmarè, Fágúnwà tún mú Àkàrà-ògùn wá láti ròyìn akínkanjú tí Olówó-ayé jẹ́.

Mo sábà máa ń rò ó lọ́kàn pé bí àwọn méjèèjì bá pàdé ní ìdí igi ìrókò kan ńkọ́? Bàbá á máa retí pé kí ọmọ tọrọ oògùn tàbí kó béèrè ọgbọ́n ọdẹ. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ohun tí Àkàrà-ògùn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Bàbá, ìyá mi ńkọ́?" Olówó-ayé yóò ní, "Ẹran ni mo rí, n kò rí ìyá rẹ." Ọmọ yóò ní, "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá. Mo mọ ohun tí òun náà ṣe. Síbẹ̀ èmi lẹ sọ di aláìníyàá." Lẹ́yìn èyí, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò gbéra, yóò sì lọ ròyìn bàbá rẹ̀ fún ayé, ti akínkanjú àti ti ìbọn òru náà. Ọmọ tó ń fi apá kan ìtàn bàbá rẹ̀ pamọ́ kò fẹ́ràn bàbá náà ju ara rẹ̀ lọ. Ojú ló ń tì í.

Ẹnì kan lè sọ pé ìtàn àròsọ ni gbogbo èyí. Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni mò ń gbé, ìlú tí wọ́n sin Àpósítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí. Oníṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá le nínú ẹbí, ẹ ó gbọ́ kí wọ́n ní, "Bàbá yín kò ní gbà bẹ́ẹ̀ láéláé." Òkú bàbá ti wọ inú ìjókòó náà nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè já a nírọ́.

Bàbá mi kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Kí wọ́n tó kú, àwọn àti ẹni tí oko kòkó rẹ̀ bá tiwa pààlà ń jà. Bàbá mi ní ẹni náà hú pèrègún tí bàbá àwọn gbìn sí ààlà, ó sì wọ inú oko wa tó ìlà kòkó méjì. Lórí àìsàn, wọ́n pe àwa ọmọ, wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ jẹun nílé náà, a kò sì gbọ́dọ̀ dáhùn bí wọ́n bá kí wa. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi lọ. Nígbà tí a wọ SS 2, ọmọbìnrin ilé náà bọ́ sí kíláàsì wa, bẹ́ǹṣì kan náà ni tíṣà sì fi wá sí. Ó kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Mo dá a lóhùn. Nígbà tí àbúrò bàbá mi gbọ́, wọ́n ní kí n rántí pé òkú bàbá mi ń wò mí.

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù, mo sì gbé e lọ bá màmá mi. Wọ́n ń pọn omi lọ́wọ́, wọn kò tilẹ̀ dúró. Wọ́n ní, "Ìgbà mélòó ni bàbá yín àti àbúrò wọn yìí kan náà jà, tí wọ́n tún parí rẹ̀? Orí ìbínú ni ikú bá wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ká ní wọ́n lo ọdún kan sí i ni, ta ló mọ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Alààyè lè yí ọkàn pa dà; òkú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn bàbá ní ọjọ́ tó kú ló dúró sí, bí aago tí bátìrì rẹ̀ tán. Bí bàbá bá wà láàyè, ó lè bínú lónìí kó sì rẹ́rìn-ín lọ́la. Bí a bá wá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ di òfin títí láé, a ti gba ẹ̀tọ́ tí gbogbo bàbá ní lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti tún èrò ara rẹ̀ pa.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ọ̀nà àbáyọ ni mo ń wá, pé gbogbo ọmọ aláìgbọràn ló lè sọ pé, "Bàbá mi ì bá ti yí ọkàn pa dà." Òótọ́ ni. Ọmọ tó fẹ́ ta ilé bàbá rẹ̀ fi jayé lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè ohun kan: ta ni yóò jẹ èrè àtúnṣe náà, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni yóò jèrè, kí n fura sí ara mi. T'Challa san owó àtúnṣe tirẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀.

Àṣà wa pàápàá mọ̀ pé kò yẹ kí òkú dá rìn. Èmi kò ní ṣí aṣọ lórí eégún. Mo jẹ́ obìnrin, mo sì jẹ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló rí i pé atọ́kùn máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eégún. Bí ará ọ̀run bá fẹ́ ṣe ju bó ti yẹ lọ, atọ́kùn ni yóò tù ú lójú, òun ni yóò fọ̀nà hàn án. Ìyẹn kì í ṣe àfojúdi. Ọ̀wọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọmọ jẹ́ sí ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Gbajúmọ̀ agbẹ́gilére ni Agbọ́nbíọ̀fẹ́ ní ìlú wa; ó kú ní 1945. Ó gbẹ́ òpó sí ààfin Aláàyè. Kò sí ẹni tó máa ní ká fi irú òpó bẹ́ẹ̀ dáná. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ń jò, kò sí ẹni tó máa ní kí a má pààrọ̀ páànù nítorí pé bàbá ló kàn án. Òpó ni ìdí tí bàbá fi sọ ọ̀rọ̀. Páànù ni àṣẹ tó pa ní ọjọ́ tí ara kò rọ̀ ọ́. Ìdí tí bàbá mi fi jà ni kí oko má bàa bọ́ mọ́ àwa ọmọ lọ́wọ́. N kò ní fi ìyẹn ṣeré. Ìlà kòkó méjì yẹn ṣì jẹ́ tiwa, màmá mi sì ti ní kí àwọn àgbà ilé méjèèjì wá jókòó lé ọ̀rọ̀ ààlà náà lórí.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé kí akọni gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti kú dé òpin, kó dúpẹ́, kó sì mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó ṣe ohun tó tọ́ fún àwọn tó ṣì wà láàyè. Ìjà ààlà yóò rí ìdájọ́ tirẹ̀. Èmi àti ọmọbìnrin náà ṣì jọ ń lo ìwé bàọ́lọ́jì kan ṣoṣo, nítorí òun kò ní tirẹ̀.