Ẹ̀rọ tí Kò Dáhùn àti Ohun tí A Lè Sọ Pé A Mọ̀

Ní Amẹ́ríkà, tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga níwájú ilé, ọ̀pọ̀ onílé ló máa ń lọ bá ẹ̀rọ ìgékoríko wọn nínú gáréèjì, irú èyí tí èèyàn ń jókòó lé lórí tí ó ń wà kiri. Wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ ò ní dáhùn. Kí ló fà á? Ìbéèrè yìí lè kéré lójú, àmọ́ inú rẹ̀ ni èyí tó jinlẹ̀ jù wà: ìgbà wo la lè fọwọ́ sọ̀yà pé a mọ ohun tó fa nǹkan, tí kì í ṣe pé a kàn gbà bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi ni pé bí nǹkan tó bàjẹ́ bá tún padà ṣiṣẹ́, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí pé a mọ ohun tó ṣe é, ewu sì wà nínú kí a máa rò pé ó tó.

Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, gbé ìwé kan jáde ní 1986 lórí ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Àwọn oníṣègùn ni wọ́n lọ jókòó tì, ohun tí àwọn yẹn sọ fún wọn sì le: ohun tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, òun nìkan ló mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un, tàbí tó kà nínú ìwé, ó gbà á gbọ́ ni, títí yóò fi dán an wò. Mi ò tíì rí ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti wúlò tó ibi tí ẹ̀rọ ti kọ̀ tí kò sítáátì. A yí kọ́kọ́rọ́, a gbọ́ tá-tá-tá, ẹ́ńjìnnì ò yí. Gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí ló máa sọ pé bátìrì ti kú, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí bátìrì tó kún dáadáa yẹ kó fi nǹkan bíi 12.6 volt hàn lójú míítà. Ṣùgbọ́n míítà lè fi 12.6 hàn kí ẹ̀rọ sì tún máa ró tá-tá-tá, nítorí pé ìyẹ̀fun funfun ti bo orí bátìrì níbi tí wáyà ti kàn án, iná ò sì rí ọ̀nà tó kọjá. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á mọ́, tó dì í padà, tó sì rí i pé ẹ́ńjìnnì yí, ti bọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n sọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí kò sì gbiná, ọ̀nà mìíràn la máa gbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló ní ọtí ethanol nínú, tó tó ìdá 10 nínú 100. Ọtí yìí a máa fa omi mọ́ra, epo tó sì jókòó láti ìgbà ìwọ́wé títí òtútù fi lọ a máa di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ihò tíntìntín inú kábúrétọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Onílé kan lè fi àárọ̀ kan ṣoṣo cháájì bátìrì, kó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, kó da epo àtijọ́ nù, kó sì fọ kábúrétọ̀. Ẹ̀rọ sítáátì. Kí ló mọ̀? Kò mọ nǹkan kan ju pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni, bóyá méjì. Bó bá fẹ́ mọ̀, àfi kó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì ní sùúrù láti dá èyí tó fura sí padà: kó fi pọ́lọ́ọ̀gì àtijọ́ síbẹ̀ wò bóyá ẹ̀rọ yóò tún kọ̀. Iṣẹ́ tó ń sú èèyàn ni, mo sì gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó dára jù ú lọ.

David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Scotland, yóò bi wá pé kí la wá rí gan-an. Nínú ìwé tó kọ ní 1748, ó tọ́ka sí bọ́ọ̀lù tó ń lu bọ́ọ̀lù lórí tábìlì bíláádì: a rí i pé èkíní lù ú, a rí i pé èkejì gbéra, a ò rí okùn tó so méjèèjì pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń wòran ni àpẹẹrẹ yẹn ṣe rí. Ẹni tó yọ pọ́lọ́ọ̀gì tó tún dá a padà kò wòran, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì lè mú kí ẹ̀rọ kọ̀ kó sì tún gbà nígbà tó bá wù ú. Bí okùn yẹn bá tilẹ̀ fara pa mọ́ fún wa títí láé, ìyàtọ̀ ńlá ṣì wà láàárín ẹni yìí àti ẹni tó ń méfò.

Àtakò kejì sún mọ́ ilé jù. E. E. Evans-Pritchard, onímọ̀ nípa àṣà àwọn èèyàn, kọ̀wé ní 1937 nípa àwọn Azande, ẹ̀yà kan ní àárín Áfíríkà, ó ní bí àká bá wó lu àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ikán ló jẹ òpó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ìdí tó fi wó ní wákàtí tí àwọn yẹn gan-an wà níbẹ̀. Àwa náà mọ irú ìbéèrè yìí dáadáa, a máa ń ní ọ̀rọ̀ ò ṣojú lásán, ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bi ara rẹ̀ pé èé ṣe tó fi jẹ́ òun. Àmọ́ àwọn Azande fúnra wọn kò fi ìbéèrè kejì pa èkíní rẹ́: wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ nípa ikán. Mẹkáníìkì tó ń bọ Ògún lọ́dọọdún náà yóò tú pọ́lọ́ọ̀gì wò kó tó fura sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sáré lọ síbi ọwọ́ ayé kó tó wo orí bátìrì ti lè ba ọmọ aládùúgbò lórúkọ jẹ́ nítorí ìyẹ̀fun funfun.

Àwọn kan yóò ní gbogbo èyí ò kan àwọn, koríko làwọn fẹ́ gé. Àwọn ni mo fẹ́ dá lóhùn jù. Nígbà míì ẹ̀rọ kì í ró rárá, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n ṣe é láti kọ̀ ni, bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí búréèkì, tàbí tí wọ́n gbàgbé súìṣì abẹ sílẹ̀ ní títàn. Súìṣì mìíràn tún wà lábẹ́ ìjókòó, òun ló ń pa ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń wà á bá ṣubú tàbí tó dìde nígbà tí abẹ ṣì ń yí. Bí súìṣì yìí bá dojú rú, ẹ̀rọ lè kọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ yóò so wáyà rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ yóò sítáátì, yóò sì gé koríko lọ́jọ́ náà. Lójú tirẹ̀, ó ti tún un ṣe. Bó bá wá tà á, obìnrin tó rà á yóò gorí rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó dagun, yóò sì gbà gbọ́ pé bí òun bá yẹ̀ ṣubú, abẹ yóò dúró. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.