SỌ Ọ́ FÚN ỌLỌ́RUN BÓ TI RÍ

January 27

Kà: Orin Dáfídì 88:1-18

Ní ọjọ́ Ìsinmi, January 27, 2002, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ibi tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ilẹ̀ mì tìtì. Àwọn èèyàn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n pọn ọmọ, wọ́n fa èyí tó lè rìn lọ́wọ́, wọ́n ń sá lọ nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ gba ọ̀nà Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀. Ewéko ti bo ojú omi kánààlì ibẹ̀, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lé ní 1,000, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé omi yẹn ló gbé wọn lọ.

Nígbà tí mo wá ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, ìyá kan wà láàrin wa tí omi náà gbé ọmọ rẹ̀. Bí mo bá ti ní, "Màmá, ṣé dáadáa ni?" yóò ní, "A dúpẹ́, Pásítọ̀." Èmi náà á ní, "Ògo ni f'Ọ́lọ́run," n ó sì kọjá lọ. Lẹ́yìn ìṣọ́ òru kan, ó dúró dè mí. Ó ní, "Pásítọ̀, láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti lọ, mi ò tíì gbàdúrà. Ètè mi lásán lẹ ń rí. Ohun tí mo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ kò ṣeé sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé a kì í bi Ọlọ́run léèrè. Ohun tí àwa oníwàásù máa ń yára sọ nìyẹn. (Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.) Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí Mímọ́ dá mi lẹ́kun. Mo ṣí Orin Dáfídì 88, mo kà á sí i létí.

Olùfẹ́, ìwọ náà tún un kà. Hémánì kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní Ọlọ́run ló ti òun sí kòtò, Òun náà ló lé àwọn ọ̀rẹ́ òun jìnnà. Nínú ọ̀pọ̀ sáàmù, ẹni tó ń sunkún á yí padà sí ìyìn kó tó parí. Eléyìí kò yí padà. Inú òkùnkùn ló parí sí. Síbẹ̀, wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, láàárọ̀, lálẹ́, lójoojúmọ́. Kò gba ilé babaláwo lọ. Ẹni tó ń bínú sí náà ló ń ké pè. Ìgbàgbọ́ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ jọ èyí tí à ń fi ijó jẹ́rìí sí níwájú pẹpẹ.

Ìyá náà gbàdúrà lójú mi. Ó bi Ọlọ́run pé níbo ló wà nígbà tí ọmọ òun ń ké nínú omi. N kò gbọ́ ohùn kankan tó dá a lóhùn. Mo jókòó tì í, n kò sọ nǹkan kan, títí àwọn kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe "Òṣòdì! Òṣòdì!" níta. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún padà wá bi Í.

Àdúrà: Baba, bó ti rí nínú mi gan-an nìyí: (sọ ọ́ jáde, má ṣe tún un ṣe). Ní orúkọ Jésù.