Ìka Tó Tọ́ka sí Ẹyẹ



 

Ọ̀rọ̀ òní lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré: ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Bí ẹ̀rọ bá wà lára ẹyẹ igbó, tó ń sọ ibi tí ẹyẹ náà wà, ṣé ó yẹ kí gbogbo ayé máa rí i? Nínú Sūratul An'ām, āyà 38, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹyẹ. Nínú Sūratun Nūr, āyà 41, a rí i pé ẹyẹ tó na ìyẹ́ rẹ̀ mọ bí òun ṣe ń ṣe àfọ̀mọ́ fún Ẹlẹ́dàá. Ẹ̀dá tó ń jọ́sìn là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ìmọ̀ yìí ní àǹfààní púpọ̀. Láti ọdún 2011 ni àjọ British Trust for Ornithology ti ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹyẹ cuckoo ní Ìlú Ọba níbí, tí wọ́n sì ń fi ìrìn wọn han gbogbo ènìyàn. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé wọ́n ń ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí igbó Kóńgò, àti pé àwọn tó gba Sípéènì ń kú ju àwọn tó gba Ítálì lọ. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ẹyẹ ti ń kú, báwo ni yóò ṣe dáàbò bò ó?

Ṣùgbọ́n ẹyẹ mìíràn ní ọ̀tá. Àṣá kan wà tí wọ́n ń pè ní hen harrier. Ìwádìí tó jáde ní 2019 wo 58 nínú wọn tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún, 72 ni wọ́n pa lọ́nà tí òfin kọ̀, tàbí tó dájú gidigidi pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí apànìyẹn bá tún wá rí ibi tí àṣá ń sùn lórí fóònù ńkọ́?

Ẹ rántí Abū Qatādah. Àwọn sàhábà tó wà nínú aṣọ hárámì ń rìn. Òun kò sí nínú hárámì, ó sì pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ igbó. Nígbà tí wọ́n bi Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa ẹran náà, ohun tó bi wọ́n ni pé ṣé ẹnì kan nínú wọn pa á láṣẹ fún un, tàbí tọ́ka sí ẹran náà. Wọ́n ní rárá. Ó ní kí wọ́n jẹ ẹ́. Ìka lásán ni, síbẹ̀ Ànábì béèrè nípa rẹ̀.

Lóòótọ́, ti hárámì ni ìdájọ́ yẹn. Ọdẹ ṣíṣe kì í ṣe èèwọ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí pípa ẹyẹ bá ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, Sūratul Mā'idah, āyà 2, kọ̀ fún wa láti ran ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́. Àwòrán ilẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìka ni òun náà.

Ẹnì kan lè ní pípa ìmọ̀ mọ́ kò dára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Sūratun Nisā'i, āyà 83, bá àwọn tó ń tan ìròyìn ààbò àti ti ìbẹ̀rù ká wí, ó ní ì bá sàn kí wọ́n gbé e lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àwọn Yorùbá náà ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Nítorí náà, kí a fi ọ̀nà tí ẹyẹ gbà lóṣù tó kọjá kọ́ gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ ẹyẹ tí wọ́n ń dọdẹ, àti ibi tó wà lónìí, àmánà ni lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí, bí àwọn ọmọ bá ya àwòrán ìtẹ́ ẹyẹ, ẹ bá wọn pa ohun tó ń sọ ibi tí fóònù wà kí wọ́n tó gbé e sórí Facebook. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn nídìí ìṣínu. Ọmọ tó bá lè pa àṣírí ẹyẹ mọ́, yóò lè pa ti aládùúgbò mọ́.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùpa-àmánà-mọ́, kí Ó sì gba ààwẹ̀ wa. Àmín.