Orí Ilẹ̀ Ni Ewu Omi Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí o bá ń wá ibi tí ariwo Èkó kò dé, Gberefu ni kí o lọ. Erékùṣù kékeré ni, ó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun. Ọkọ̀ ojú omi kì í pẹ́ gbé èèyàn sọdá. Tí o bá sọ̀, wàá fẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn títí wàá fi dé etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀ òyìnbó láyé ijọ́un. Ibi tó yẹ kí ọmọ Yorùbá fojú ara rẹ̀ rí ni. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, gbọ́ ìtàn yìí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Keje, 2022, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, àwọn èrò kan wọ ọkọ̀ ojú omi ní Máìlì Tù, wọ́n ń lọ sí Ibeshe, lágbègbè Ọ̀jọ́. Aago méje alẹ́ ti kọjá. Ìgbì omi le, ó dojú ọkọ̀ náà dé. Òkú tí wọ́n yọ nínú omi lé ní mẹ́wàá. Nílé tí wọ́n ti ń retí wọn, ọdún di ọ̀fọ̀.

LASWA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ojú omi l'Ékòó, sọ pé ìrìn náà lòdì sófin. Ilẹ̀ ti ṣú, èbúté tí wọ́n ti gbéra kò sí lábẹ́ àbójútó, àwọn èrò kò sì wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì.

Jẹ́ ká padà sí èbúté yẹn. Kí ọkọ̀ tó gbéra, orí ilẹ̀ ni gbogbo wọn ṣì wà. Omi kò tíì lágbára kankan lórí wọn. Òkùnkùn tó ṣú, wọ́n rí i. Ọrùn tí kò ní jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí i. Síbẹ̀, wọ́n wọlé.

N kò sọ èyí láti bú wọn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìwọ náà mọ ohun tó máa ń sọ sí èèyàn létí lásìkò bẹ́ẹ̀: ilé ń retí mi, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lójú títì, ṣebí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rìn ín. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba Gberefu kọjá láyé ijọ́un, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ló mú wọn wọkọ̀. Kí ló mú ìwọ?

Nítorí náà, tí o bá lọ sí Gberefu, tètè lọ, kí o sì tètè padà. Béèrè jákẹ́ẹ̀tì, so ó dáadáa kí ọkọ̀ tó ṣí. Tí kò bá sí, má wọ ọkọ̀ náà. Tí èrò bá ti pọ̀ jù, sọ̀ kalẹ̀, ìbáà ṣe pé o ti sanwó. Owó ní ààrọ̀, ẹ̀mí kò ní.

Tí ilẹ̀ bá sì ṣú mọ́ ọ, wá ibi sùn. Pe àwọn ará ilé, sọ fún wọn pé ó di ọ̀la. Wọ́n lè bínú. Jẹ́ kí wọ́n bínú sí ọ láàyè.