NÍGBÀ TÍ ỌKÀN ỌMỌ BÁ RỌ̀

Ibi Kíkà: 2 Àwọn Ọba 22:1–20, Deuteronomi 6:4–9, 2 Tímótíù 1:3–5
Ẹsẹ Àkọ́sórí: 2 Àwọn Ọba 22:19
Kókó Ẹ̀kọ́: Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ọkàn rírọ̀. Òtítọ́ àti àánú ni kí òbí fi tọ́ ọ, kì í ṣe ìpayà.

ÌFÁÀRÀ

Láti oṣù kẹta títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn wà ní títì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. A ti ilé ẹ̀kọ́ pa pẹ̀lú. Ní Òkè-Odò níhìn-ín, òbí tí ó ti máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Abẹ́òkúta kì í sì í jẹ́ kí ó bá ọmọ lójúfò, wá rí i pé òun ni tíṣà, òun náà sì ni olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn òbí kan kò sì dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Inú ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ wọn.

Èyí kì í ṣe nǹkan titun láàrin àwa Onítẹ̀bọmi. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861–1865), ìgbà kan wà tí kò sí míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi kankan ní ilẹ̀ wa. Sarah Harden, opó J. M. Harden, ni ó kó àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ tí ó wà ní Èkó mọ́ra títí W. J. David fi dé ní 1875. Ìgbàgbọ́ lè dúró nínú ilé nígbà tí kò sí pásítọ̀ nítòsí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ nílé yóò rí ohun kan tí tíṣà tí ó ní ogójì ọmọ níwájú lè má rí. Ọmọ kan wà tí ọkàn rẹ̀ rọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Bí a bá pa adìẹ Kérésìmesì lójú rẹ̀, kò ní jẹ ẹ́. Bí a bá ka ìtàn Ìkún-omi, àwọn tí omi gbé lọ ni yóò máa bèèrè. Bí a bá sọ̀rọ̀ ọ̀run àpáàdì lálẹ́, kò ní sùn. Báwo ni kí a ṣe kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìgbàgbọ́?

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Ọkàn rírọ̀ kì í ṣe ojo (2 Àwọn Ọba 22:1, 11, 19)

A máa ń sọ nípa irú ọmọ yìí pé, “Ó ti lẹ̀ jù, ayé yóò fi í ṣeré.” Baba ẹlòmíràn tilẹ̀ ń gbá a létí kí ó lè “gbó.” Ẹ wo Jòsáyà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ó jọba. Nígbà tí a ka ìwé òfin tí a rí nínú tẹ́ḿpìlì fún un, ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó sì sọkún. Ọlọ́run kò pe ẹkún náà ní àìlera. Nítorí ọkàn rẹ̀ tí ó rọ̀ ni Olúwa ṣe gbọ́ tirẹ̀. Ọba tí ó sọkún ní orí 22 náà ni ó wó pẹpẹ òrìṣà lulẹ̀ ní orí 23. Ẹni tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè dùn lọ́kàn ni Ọ̀rọ̀ náà lè rán níṣẹ́. Òbí tí ó bá le ọkàn náà, ohun tí Ọlọ́run fẹ́ lò ni ó ń bàjẹ́.

2. Hulda kò fi òtítọ́ pamọ́, kò sì fi í ṣe pàṣán (22:15–20)

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun tí ó wọ́pọ̀ ládùúgbò wa. Mùsùlùmí ni ìyá àgbà ọmọ kan. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọn kì í jẹ ẹran Iléyá láìfi tirẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ nípa ìgbàlà, ọmọ náà bú sẹ́kún pé, “Mọ́mì, ṣé inú iná ni Màmá Àgbà ń lọ?”

Ìdáhùn méjì wà tí ó yá lẹ́nu, tí kò sì dára. Ọ̀kan ni, “Bẹ́ẹ̀ ni, kí ìwọ náà ṣọ́ra.” Èkejì ni, “Má dá ara rẹ láàmú, kò sí ìyàtọ̀.” Ti àkọ́kọ́ fi òtítọ́ na ọmọ, ti èkejì ta òtítọ́ nù kí ẹkún lè dá.

Hulda kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó sọ ìdájọ́ tí ń bọ̀ láìbù ú kù, lẹ́yìn náà ó sọ fún ọba náà pé Ọlọ́run rí omijé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe. Kí a gbé ọmọ náà lé itan, kí a sọ fún un pé Jésù nìkan ni Olùgbàlà. Kí a sọ fún un pé Ọlọ́run kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣègbé (2 Pétérù 3:9), àti pé Ábúráhámù pẹ̀lú bẹ Ọlọ́run nítorí àwọn ẹlòmíràn, ó sì gbà pé Onídàájọ́ náà kì í ṣe ohun tí kò tọ́ (Jẹ́nẹ́sísì 18:25). Ìdájọ́ Màmá kò sí lọ́wọ́ wa. Ìfẹ́ Màmá ni ó wà lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, kí ó máa gbàdúrà fún wọn lójoojúmọ́, kí ó máa bọ̀wọ̀ fún wọn, kí ó sì sọ ohun tí ó mọ̀ nípa Jésù fún wọn. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ rọ̀ nílò iṣẹ́ tí yóò fi àánú rẹ̀ ṣe. Bí kò bá rí i, àánú náà yóò di ẹ̀rù mọ́ ọn lára.

Àwọn àgbà ní, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Òbí tí ó ń fi ọ̀run àpáàdì halẹ̀ nítorí àwo tí ó fọ́ ti lo ọwọ́ òsì nìkan.

3. Ẹkún kì í ṣe àtúnbí (2 Tímótíù 1:5)

Ọmọ yìí ni yóò kọ́kọ́ jáde nígbà ìpè sí ìgbàlà, inú òbí a sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ẹni fúnra rẹ̀ ni àwa Onítẹ̀bọmi fi ń rì í bọ omi. Amoni, baba Jòsáyà, ṣe búburú, ọmọ rẹ̀ sì wá Olúwa. Lóìsì àti Yùníìsì gbàgbọ́, síbẹ̀ Tímótíù ní láti ní ìgbàgbọ́ tirẹ̀. Ọmọ lè sọkún nítorí pé ẹ̀rù iná bà á, tàbí nítorí pé ó fẹ́ mú inú ìyá rẹ̀ dùn. Kí a bi í léèrè ní ìdákẹ́jẹ́, kí a má sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bí kò bá tíì yé e, kí a dúró. Dídúró dè é kì í ṣe dídí i lọ́nà.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Deuteronomi 6:7 kò ní kí a fi ọmọ sílẹ̀ fún olùkọ́ Sunbeam nìkan. Ní ìjókòó, ní ìrìn, ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdìde ni iṣẹ́ náà. Alẹ́ ni ìbéèrè ọmọ sábà máa ń jáde, nígbà tí ó ti rẹ òbí. Ẹ má ṣe lé e lọ sùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni a máa ń sọ tí ó ń le ọkàn ọmọ?
2. Báwo ni ẹ ó ṣe dá ọmọ tí ó sọkún nítorí ìyá àgbà rẹ̀ lóhùn?
3. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ìbẹ̀rù àti ìgbàgbọ́ nínú ọmọdé?

IṢẸ́ ỌSẸ̀ YÌÍ: Lẹ́yìn àdúrà alẹ́ kan, kí olúkúlùkù òbí bi ọmọ rẹ̀ pé, “Kí ni ó ń bà ọ́ lẹ́rù nípa Ọlọ́run?” Kí ó gbọ́ ọ dópin kí ó tó sọ̀rọ̀.