W_coef Kì í Ṣe Orúkọ, Oyè Ni

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n bi mí léèrè. "Àbúrò, èló lo rí fún dígírì 17?" Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo ṣí fáìlì. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni mo bá níbẹ̀, ti dígírì 45 sì ni.

Ilé ìwádìí kan ní England lèmi àti ẹ̀gbọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Rhodamine B ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí, aró pupa kan. Bí a bá tan lésà sí i, òun náà á tàn, kí ojú tó ṣẹ́, ó ti kú. Bí omi tí a pò ó mọ́ bá ṣe ń gbóná sí i ni títàn náà ń yára kú sí i. Mo wọ̀n ọ́n láti Celsius 10 dé 45, ó jẹ́ fáìlì 36. Ohun tó kù ni kí n wá ìlà tó bá dátà kọ̀ọ̀kan mu, kí nọ́ńbà ìlà náà lè sọ bí títàn ṣe ń yára kú tó.

Igor Pro ni mo lò. Mo ṣe bọ́tìnnì kékeré kan: màá fi kọ́sọ̀ méjì mú ibi tí mo fẹ́ lójú àwòrán, màá tẹ̀ ẹ́, ìlà pupa á sì jókòó sórí dátà bí aṣọ tó bára mu. Igor a máa kọ àbájáde ìlà kọ̀ọ̀kan sí fèrèsé History. Ẹjọ́ wẹ́wẹ́ yẹn sú mi, mo bá fi /Q sínú àṣẹ náà pé kó dákẹ́. Ó sì dákẹ́ lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo ń tẹ Save, ọkàn mi sì balẹ̀. Inú W_coef ni Igor ń kó àwọn nọ́ńbà ìlà sí, inú W_sigma ló sì ń kó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe lè yẹ̀ tó sí. Èmi rò pé orúkọ ni W_coef. Oyè ni. Ẹ wọ ìlú, ẹ ní Baálẹ̀ lẹ fẹ́ rí: ẹni tó wà lórí àga lónìí ni wọ́n á mú yín lọ bá, kì í ṣe bàbá rẹ̀ tó ti papòdà. Ìlà tuntun dé, ó gorí àga, ti àná sì ti lọ. Save kò parọ́ fún mi. Ẹni tó bá lórí àga ló ń yà ní fọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Wọ́n fa àga mọ́ra. "Àwọn ìlà pupa yẹn ńkọ́? Ṣé o pa wọ́n rẹ́?" Orúkọ dátà ni Igor fi ń pe ìlà kọ̀ọ̀kan, fit_T17 fún T17, nítorí náà ìkan kì í lé ìkejì kúrò. Ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ni kọ́sọ̀ mi ti dúró. A dá kọ́sọ̀ padà síbẹ̀, a tún tẹ bọ́tìnnì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti ní kó fi Duplicate da W_coef kọ sí coef_T17, kó da W_sigma kọ sí sigma_T17, kó sì kọ V_chisq, ìwọ̀n bí ìlà ṣe jìnnà sí dátà tó, sínú tábìlì, kí ìlà mìíràn tó gorí àga. Òru mẹ́ta la fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n méje nínú àwọn ìlà náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa wọ́n rẹ́ kí fáìlì lè fúyẹ́. Dátà wọn wà. Ibi tí kọ́sọ̀ dúró sí ni kò sí mọ́. Ojú lásán ni mo fi ń yẹra fún ibi tí lésà ṣì ti ń ta sí ẹ̀rọ níbẹ̀rẹ̀, n kò sì kọ ọ́ síbì kan. Mo tún wọn ṣe. Nọ́ńbà wọn sún mọ́ èyí tí mo rántí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi àmì róbótó tí inú rẹ̀ ṣófo ya àwọn méje náà sọ́tọ̀ lójú àwòrán. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán mi wò fún oyè ọ̀mọ̀wé, ibẹ̀ ni olùdánwò kọ́kọ́ na ìka sí.