ỌMỌ JÁÍRÙ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ TIWA

Ibi kíkà: Máàkù orí 5, ẹsẹ 21 títí dé 43

Àwọn àgbà ìjọ ni wọ́n ní kí àwa akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sínú ìwé ìrántí yìí. Ìwé ìpàdé ni ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n kọ, àwa kì í ṣe oníwàásù. Bí gbólóhùn kan bá dún bí ìwé ìpàdé, ẹ foríjì wá.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kékeré ni ó wà lọ́kàn wa. Nínú gbogbo ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígbàgbọ́, a kò mọ èyí tí ó ń pa ni lẹ́rìn-ín tó ọmọ, a kò sì mọ èyí tí ó ń já ni láyà tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu níwájú pẹpẹ, tí gbogbo ìjọ pe orúkọ rẹ̀, tí aṣọ funfun ìyá rẹ̀ mọ́ nigín-nigín, ta ni ó rántí pé òru ń bọ̀? Bí ó bá di ọmọ ọdún mẹ́ta, á gbé agogo wòlíì, á máa lù ú yí ilé ká, á ní kí àwọn adìyẹ kúnlẹ̀ kí òun gbàdúrà fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbàdúrà nígbà kan níbi ìsìn ìdílé pé kí Jésù jọ̀wọ́ jẹ́ kí ìyá òun gbàgbé ẹran tí òun mú nínú ìkòkò. Bàbá tí ó yẹ kí ó ṣe Àmín kò lè ṣe é, ẹ̀rín ni ó ń rín. Ìyá náà sì gbàgbé ẹran ọ̀hún. Ẹ ò rí i pé àdúrà gbà!

Jáírù mọ irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó ní, ọmọ ọdún méjìlá. Olórí sínágọ́gù ni, ènìyàn ńlá ni. Ẹ fi ojú inú wo bàbá ìjọ kan tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí òun náà wá wólẹ̀ sínú eruku lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀rù ni ó gbé e wólẹ̀. Àwọn kan máa ń wàásù pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kò ní ìgbàgbọ́. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀ níbi kíkà yìí. Olúwa kò bá Jáírù wí pé kí ló dé tí ó fi sáré wá. Ìgbà tí wọ́n mú ìròyìn ikú dé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rù, kí ó ṣáà gbàgbọ́. Àbí ta ni à ń sọ fún pé kó má bẹ̀rù, bí kò ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń bà? Ìbẹ̀rù tí ó gbé ẹsẹ̀ bàbá kúrò nílé wá sọ́dọ̀ Jésù, ìgbàgbọ́ ti wà nínú rẹ̀ ná. Èyí tí ó burú ni ìbẹ̀rù tí ń mú ni jókòó, tàbí tí ń mú ni ṣe ohunkóhun tí aládùúgbò bá ṣáà ti wí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé inú irú ìpayà ilé bẹ́ẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ní Èkó, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìwọ́de àwọn Àgùdà ní àjọ̀dún Corpus Christi. Lẹ́yìn tí ó ti ibẹ̀ dé, ó ṣubú sínú ìran, kò sì jí bọ̀rọ̀. Àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tí wọn ó ṣe mọ́. Nígbẹ̀yìn ni wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé ọmọ Ìkàrẹ́, ẹni tí ìtàn sọ fún wa pé ó pẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó lè fi ẹsẹ̀ rìn nígbà èwe. Ó gbàdúrà, ọmọ náà jí. Àwọn tí wọ́n ń wá wo ohun ìyanu yìí ni wọ́n di àwọn ará àkọ́kọ́. Lọ́dọọdún ni a ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn áńgẹ́lì, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n ìtàn ilé kan ni pẹ̀lú, níbi tí àwọn àgbà dúró yí ibùsùn ọmọ ká tí oorun kò kùn wọ́n.

Tiwa ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1998, níhìn-ín ní Ìlémọ̀nà, ní àkókò tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Ọmọ wa kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Láti ọ̀sán ni ara rẹ̀ ti gbóná. Ìyá rẹ̀ ní kí a gbé e lọ sí Ọ̀fà. Àwa ní kí ó di àárọ̀, nítorí pé ìsọ́ òru wà lálẹ́ ọjọ́ náà, àwa ni a ó sì ka Bíbélì. A gbé ọmọ lọ sí ìsọ́ òru, a fi omi àdúrà wọ́n ọn lórí, a tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ yòókù. Ó kù díẹ̀ kí aago kan lù ni ìyá rẹ̀ figbe ta. Gìrì ti gbé e. Ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ pa dé, ó ń gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ará, a ti ka Sáàmù láìmọye ìgbà. Ní wákàtí yẹn, kò sí ẹsẹ kan tí ó wá sí wa lẹ́nu.

Kíá, ogún ọwọ́ ti dé orí ọmọ. Ẹnìkan ní kí a fi ṣíbí la eyín rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná. Ìyá àgbà kan ní ìgò àgbo wà nílé òun, èyí tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe, pé òun náà ni wọ́n fi wo àwọn bàbá wa. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀ o, kò sí ẹni tí ó rò ibi. Bàbá wòlíì tí ó ń darí ìsọ́ òru ni ó pariwo pé kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ó tú bọ́tìnnì ọrùn aṣọ rẹ̀, kò fi nǹkankan sí i lẹ́nu. Àdúrà tí ó gbà kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó wá bojú wò wá, ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dìde. Ojú ọ̀nà ni a ó ti parí àdúrà yìí.”

Ọkọ̀ dà? Epo dà? Ọlọ́kadà kan tí kì í ṣe ará ìjọ wa, Mùsùlùmí ni, ni ó bu epo tí ó tọ́jú fún òwúrọ̀ sínú alùpùpù rẹ̀. Ìyá gbé ọmọ sáàárín, àwa jókòó sẹ́yìn. Ọlọ́kadà ń ké pe Ọlọ́run bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, àwa ń ké pe Jésù, títí a fi dé Ọ̀fà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Nọ́ọ̀sì tí a bá lẹ́nu iṣẹ́ tú aṣọ ọmọ, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì fún un ní oògùn ibà. Nọ́ọ̀sì náà bi wá pé láti ìgbà wo ni ara rẹ̀ ti ń gbóná. A ní láti ọ̀sán. Ó ní, “Kí lẹ wá ń dúró dè, bàbá?” A kò ní èsì. Di bí a ti ń kọ ìwé yìí, a kò tíì ní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ la ojú, ó ní òun fẹ́ jẹ àkàrà. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni ìparí ibi kíkà wa yé wa: Olúwa jí ọmọ Jáírù, kò sì tíì kúrò nínú yàrá tí ó fi ní kí wọ́n wá oúnjẹ fún un. Ẹni tí ó lè jí òkú náà ni ó rántí pé ebi ń pa ọmọ.

Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ jiyàn gan-an lórí oògùn. Ọ̀rọ̀ kínínì tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lò wà lára ohun tí ó dá ìyapa sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1939 sí 1941, láàárín wọn àti àwọn ará wa tí wọ́n di C.A.C. A kò kọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n la àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 já, tí wọ́n rí i bí ọwọ́ dókítà kò ṣe ràn án, ẹ kò lè bá wọn wí pé wọ́n di àdúrà mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gìrì ti yé ayé sí i lónìí. Àwọn dókítà sọ pé gìrì tí ara gbígbóná ń fà a máa bá ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Iná kò wo ó, ṣíbí a sì máa ká ọmọ léyín. Ní ti ìtọ̀ màlúù, àwọn dókítà Ìbàdàn ti fi hàn ní àwọn ọdún 1970 pé a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, a sì máa pa ọmọ tí gìrì ìbá fi sílẹ̀.

A mọ̀ pé nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí, àwọn kan gbàdúrà, wọ́n sì sáré, ọmọ sì lọ. A ti bá yín dúró létí ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bi irú òbí bẹ́ẹ̀ pé ibo ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà, kí ẹnikẹ́ni má sì pe ọmọ náà ní àbíkú nínú ìjọ yìí.

Ọmọ tí gìrì gbé lọ́jọ́sí náà ni ó ń lu ìlù lẹ́yìn àwọn akọrin lónìí, bí ó ti ń dí wa létí nì. Láti ọdún 1998 ni ìjọ sì ti fẹnu kò pé ìsọ́ òru kankan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi bí ọkọ̀ kan bá wà níta tí epo wà nínú rẹ̀. Orúkọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kàn lóṣù yìí wà lára ògiri, lókè ibi tí a ń tẹ́ ẹní àwọn ọmọdé sí. Ẹ wò ó kí ẹ tó jókòó.